Ọba ọjọ́ 17

Yìnyín ò jẹ́ kí n kúrò ní Bolton láti àná, èmi àti ìwé Johnson la jọ wà nílé. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan nínú yín pé màá sọ̀rọ̀ Aláàfin Lábísí. Ó yá.

Gbogbo wa la mọ Baṣọ̀run Gáà. Ṣebí Adébáyọ̀ Fálétí kọ eré nípa rẹ̀, àwọn àgbà sì máa ń fi ikú rẹ̀ kìlọ̀ fún wa: bí o láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o sòótọ́. Ọba márùn-ún ló jẹ lójú rẹ̀. Mẹ́rin kú lọ́wọ́ rẹ̀, Abíọ́dún tó ṣe ìkarùn-ún ló rẹ́yìn ẹ̀ ní 1774. Àwọn mẹ́rin yẹn wá di òǹkà lásán lẹ́nu wa. Lábísí ni àkọ́kọ́ wọn.

Àwọn afọbajẹ mú un. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ètùtù ìwúyè, ó ku kó wọ ààfin. Ọjọ́ 17 péré. Gáà pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lè dúró tì í, ó sì dínà ààfin mọ́ ọn. Lábísí ò fìdí kan ìtẹ́ rárá tó fi gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, Awọnbíojú, lo 130 ọjọ́. Gáà ní kó máa dọ̀bálẹ̀ fún òun. Aláàfin, kó dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè! Ó kọ̀, wọ́n sì pa òun náà.

Àwọn kan máa ń ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi ò gbà jàre. Kí ni ọba tí kò tíì wọ ààfin fẹ́ fi jà? Kò tíì ní ìlàrí, kò tíì ní owó. Gáà ò sì da òfin nù, òfin gan-an ló fi ṣiṣẹ́. Ọ̀yọ́ Mèsì méje ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọba tó bá di òǹrorò, Baṣọ̀run sì ni ẹnu wọn. Tó bá ti kéde pé wọ́n kọ ọba, ikú ló kù. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi dá ọba lẹ́kun ni ẹnì kan sọ di idà ilé rẹ̀. Owó náà wà nídìí ẹ̀: àwọn ọmọ Gáà tàn kálẹ̀ sí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣákọ́lẹ̀ ń lọ dípò ààfin.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan o. Ní Íjíbítì, àwọn Mamluk, ẹrú ológun tó gbàjọba ní 1250, ní irú ẹ̀. Ní 1468, Khayrbak jẹ sultan ní Cairo fún òru kan ṣoṣo. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Qaitbay gorí oyè, ó sì lo ọdún 28. Ọ̀pọ̀ àkójọ orúkọ àwọn sultan ni kò ka Khayrbak mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ka Lábísí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Johnson, tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́), kọ ọ́ sáàárín àwọn Aláàfin. Tó bá jẹ́ ìjókòó lórí ìtẹ́ ló ń sọni dọba, kò yẹ kó sí níbẹ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe kà á yẹn, Gáà ni wọ́n ń dá lóhùn: ìwọ lo tilẹ̀kùn, àwa la mú un.

Tí bàbá tàbí ìyá àgbà yín bá mọ ìtàn Lábísí tó yàtọ̀ sí ti Johnson, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.