ORÚKỌ KAN NÁÀ, ÌRAN Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀
Àsọyé tí a sọ fún àwọn ará ìjọ ní Ìkòtún

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí ti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti omidan kan wá, àwọn tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ìkéde ìgbéyàwó. Johnson ni orúkọ ìdílé ọkùnrin náà. Johnson sì ni ti obìnrin náà pẹ̀lú. Kí a tó kéde wọn lẹ́ẹ̀kejì, àgbà kan ti tọ̀ mí wá, ó ní ẹbí kì í fẹ́ ẹbí, èèwọ̀ ni. N kò bá a jiyàn. Mo ní kí ó fún mi ní àyè kí n wádìí.

Àwa ará Ìkòtún ni kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Ìkòtún mìíràn ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò jìnnà sí Ọ̀fà. Ẹgbẹ́dá wà níhìn-ín, Ẹgbẹ́dá sì wà lẹ́bàá Ìbàdàn. Èjìgbò tí ó múlé tì wá kì í ṣe Èjìgbò ti Ọ̀ṣun tí Ògìyán ń jọba lé lórí. Bí ọmọ Èjìgbò ti ọ̀hún bá wá sí tiwa, tí ó ní kí a gé ilẹ̀ fún òun nítorí orúkọ ìlú, ẹ mọ irú ẹ̀rín tí a ó fi dá a lóhùn. Kí ló dé tí a fi ń gba orúkọ ènìyàn gbọ́ ju ti ìlú lọ?

Ní ayé àwọn baba wa, kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Oríkì orílẹ̀, ìlà ojú àti èèwọ̀ ni a fi ń mọ ara ẹni. Àlejò tí ó bá ní Ìkòyí ni orílẹ̀ òun, tàbí Òpómúléró, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ogun àti òwò ẹrú ni ó tú ètò yìí ká. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tí a sì kó lọ sí Sàró, a sọ wọ́n lórúkọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. tilẹ̀ gbà pé ẹni tí ó bá ń dá póùn 5 lọ́dún ní ìlú òyìnbó lè yan orúkọ tí a ó fi pe ọmọ kan. Èmi kò rí ẹ̀gàn nínú èyí, nítorí owó náà ni a fi bọ́ ọmọ tí a sì fi kọ́ ọ níwèé. Ṣùgbọ́n ìtọrẹ ni, kì í ṣe ìran.

Ajàyí tí a mú lẹ́rú ní Òṣoogùn ní ọdún 1821 gúnlẹ̀ sí Sàró ní ọdún 1822, a sì rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825. Orúkọ tí ó gbà jẹ́ ti Samuel Crowther, àlùfáà Christ Church ní òpópónà Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù. Bathurst ni abúlé tí a kọ́kọ́ mú un lọ, orúkọ ìjòyè òyìnbó tí ó ń ṣe àbójútó àwọn ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ kan náà ni a fi sọ ìlú tí a tẹ̀ dó ní ẹnu odò Gáḿbíà ní ọdún 1816, títí a fi yí i padà sí Banjul ní ọdún 1973.

Ẹ wo Macaulay pẹ̀lú. Zachary Macaulay jẹ́ gómìnà Sàró kí ọdún 1800 tó dé, ọmọ rẹ̀ Thomas Babington sì di òǹkọ̀wé ìtàn tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ọdún 1859 ni òǹkọ̀wé náà kú. Ọdún 1859 kan náà ni Thomas Babington Macaulay tiwa, àlùfáà, dá ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Ó fẹ́ Abigail ọmọ Crowther, wọ́n sì bí Herbert Macaulay ní ọdún 1864, ẹni tí títì ńlá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Yaba lónìí. Orúkọ òyìnbó méjì pàdé lára ọkùnrin yìí, kò sì sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú rẹ̀.

Ti Johnson ni ó kàn mí jù. James Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́ ìjọ Breadfruit ní Èkó tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1900, Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀. Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní Sàró ní ọdún 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Òun ni ó kọ ìtàn Yorùbá. Ìwé náà sọnù ní ìlú òyìnbó, Obadiah àbúrò rẹ̀, oníṣègùn, tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. George William Johnson tí ó wà nínú ìjọba àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1865 tún jẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn Àgùdà kò yàtọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn gba orúkọ olúwa tí ó rà wọ́n ní Brazil, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ olówó àti ọmọ ẹrú fi ń jẹ́ orúkọ kan.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni òdìkejì rẹ̀. Àwọn kan sọ orúkọ òyìnbó nù. William James Davies di Orishatukeh Faduma ní ọdún 1887. David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ìyá méjì bá wà, tí ọ̀kan yí orúkọ padà tí èkejì kò yí i, àwọn ọmọ-ọmọ wọn lè pàdé níwájú pẹpẹ láìmọ̀. Tábìlì ìbátan inú Ìwé Àdúrà wa kò ka ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò léèwọ̀ fún ara wọn. Àwọn baba wa kà á léèwọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ akọ̀wé ìjọ pé kí ó máa kọ oríkì orílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé ìrìbọmi, ìlà kan péré.

Mo ránṣẹ́ sí àwọn ìyá àgbà ìdílé méjèèjì. Ti ọkùnrin ní Ìkòyí ni àwọn. Ti obìnrin ní ọmọ Olówu ni àwọn, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá. Àgbà tí ó kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni ó gbàdúrà fún wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí ìyàwó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, ó bi mí pé orúkọ wo ni kí òun kọ, ti ilé baba òun tàbí ti ilé ọkọ.