Ọmọ Tó Pọn Bàbá Rẹ̀: Ìtàn Àpáta Glarus

Lónìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò. Nínú ètò wa kan, mo sọ pé bí òkúta bá tò léra wọn, tìsàlẹ̀ ló máa ń dàgbà jù, bí aṣọ tí a jù sínú apẹ̀rẹ̀: èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló wà nísàlẹ̀. Olùgbọ́ kan tó ń kọ́ nípa òkúta ní yunifásítì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ìgbà o. Ẹ lọ wo Glarus." Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi dá a lóhùn. Ìgbà tí mo wá kà nípa rẹ̀, ojú tì mí.

Ní Glarus, láàárín àwọn òkè Alps ní Switzerland, ìlà kan wà lára àpáta, ó gún bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Òkúta tó wà lókè ìlà náà ti tó ọdún mílíọ̀nù 250 sí 300. Tìsàlẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 35 sí 50 lọ. Àfi bí ìgbà tí ọmọ pọn bàbá rẹ̀!

Arnold Escher, onímọ̀ òkúta ará ibẹ̀, rí i pé ó jọ pé òkúta àgbà yìí rọ́ wá gun orí èkejì ni. Ní 1848, ó mú Roderick Murchison, gbajúmọ̀ onímọ̀ láti Britain, lọ wò ó, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Escher láti kọ ọ́ síwèé. Ó ní wọ́n á gbé òun lọ sílé wèrè. Ó wá yí i sí pé ilẹ̀ ló ká láti àríwá, tó tún ká láti gúúsù, tí méjèèjì dojú kọra. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Albert Heim, gbé ọ̀rọ̀ yìí lárugẹ nínú ìwé ńlá kan ní 1878.

Ní 1884, Marcel Bertrand, ará Faransé tí kò tíì dé Glarus rí, wo àwòrán tí Heim fúnra rẹ̀ yà, ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni, láti gúúsù ló sì ti wá. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ilẹ̀ apá Áfíríkà ń ti ti Yúróòpù, àwọn ìpele òkúta já kúrò lára ìdí wọn, wọ́n sì ń gun ara wọn bí ẹní tí a tì láti ẹ̀gbẹ́ kan. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru àti ìwúwo yí òkúta padà, wọ́n sì mú kó lè yọ̀ lọ. Ti Glarus rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 35. Nappe ni àwọn Faransé ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe aṣọ orí tábìlì.

Heim kọ̀ jálẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà pé òun ṣì í, ó sì jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé kà á. Ní 2008, UNESCO fi agbègbè náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Àbúrò mi, ìwọ lo jàre. Tìsàlẹ̀ ló dàgbà jù, bí ilẹ̀ ò bá tíì dà á rú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Má bínú pé mo pẹ́. Mo ti ṣàtúnṣe ètò ọjọ́ yẹn.