Adùn tí a dá dúró: ìtàn wáìnì dídùn àti ẹmu ọ̀pẹ

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Oṣòdì lọ sí Ìkẹjà yóò kọjá ní Ṣógúnlé. Ní Oṣòdì yìí, tí kò jìnnà sí Ṣógúnlé, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FIIRO wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1956. Lára iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni fífi ẹmu sínú ìgò kí ó má baà tètè kan. Iṣẹ́ náà mú ìbéèrè kan wá: kí ló dé tí wáìnì dídùn àwọn Potogí fi lè la òkun já, tí ẹmu wa kò sì lè rin ìrìn ọjọ́ méjì láìkan?

Àwọn kan a máa dáhùn pé àìmọ̀kan ni. Ìdáhùn náà kò tọ́. Omi tí ń kán láti ara ọ̀pẹ ní ṣúgà tó nǹkan bí 10 nínú 100. Ìwúkàrà, ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí, ti ń jẹ ṣúgà náà láti inú akèrègbè tí ó wà lórí igi, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, adùn ti lọ, kíkan ti dé. Adẹ́mu mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyí tí ó fi ń gun ọ̀pẹ ní kùtùkùtù, tí ó sì ń tà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èso àjàrà náà ní ìwúkàrà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àfonífojì Douro kọ́ láti da ọtí líle sínú wáìnì nígbà tí ṣúgà ṣì kù nínú rẹ̀. Ọtí líle náà pa ìwúkàrà, adùn sì dúró. Báyìí ni wáìnì Porto ṣe ń ní agbára ọtí tó nǹkan bí 20 nínú 100. Àdéhùn 1703 láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí dín owó ibodè rẹ̀ kù, ní 1756 sì ni Pombal pa ààlà sí ilẹ̀ tí a ti ń ṣe é. Ti erékùṣù Madeira tilẹ̀ yani lẹ́nu jù: ooru inú ọkọ̀ òkun, tí í ba wáìnì mìíràn jẹ́, ni ó mú un dára sí i.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọtí líle kò jẹ́ irinṣẹ́, ọjà ni. Kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, owó ibodè lórí ọtí òkè òkun jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ń wọlé fún ìjọba ní Èkó àti Gúúsù Nàìjíríà. Àdéhùn Brussels ti 1890 àti ti Saint-Germain ní 1919 fi ààlà sí òwò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹmu di ògógóró, ìjọba amúnisìn pè é ní ìwà ọ̀daràn. Ní àwọn ọdún 1930, ẹ̀wọ̀n ni èrè rẹ̀. Ṣìnáàpù òyìnbó sì ń bẹ lórí àtẹ. A ń fi ti àlejò ṣe ìdána, a sì ń sá pamọ́ nítorí tiwa.

Ìmọ̀ wá dé láti ọ̀nà mìíràn. Ní 1962, Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹmu ti ń di ọtí. Ní Oṣòdì, ooru ni a fi pa ìwúkàrà nínú ìgò tí a dé pa, gẹ́gẹ́ bí Louis Pasteur ti fi hàn nípa wáìnì ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó mọ ẹmu yóò mọ ti ìgò yàtọ̀ sí ti akèrègbè. Síbẹ̀, ó lè rin ìrìn-àjò.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbé ìgò òkè òkun sí ipò ọlá, tí a sì gbé akèrègbè sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí a rántí pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ti ọgbọ́n àti òmùgọ̀. Ọ̀kan rí ọ̀nà láti dá adùn rẹ̀ dúró, òfin sì dáàbò bò ó. Èkejì pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà tirẹ̀.