Bọ́ọ̀lù Idẹ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù



Ṣé ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní làbú wa? Bọ́ọ̀lù idẹ kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. A ya àwòrán rẹ̀, a há a sórí pé irin a máa fẹ̀ bó bá gbóná, a sì fi gba máàkì. Ṣùgbọ́n títí a fi jáde, ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wa ò kàn án. Wọ́n ní a ó bà á jẹ́.

Bí bọ́ọ̀lù náà bá tutù, á gba inú òrùka kọjá wẹ́rẹ́. Bí iná bá rà á, á fẹ̀ díẹ̀, á há. Ohun kan náà ló ń mú páànù orí ilé máa ró nígbà tí oòrùn bá mú.

Orúkọ tí wọ́n fi ń pe irinṣẹ́ yìí ni orúkọ Willem 's Gravesande, ọmọ Nẹ́dálándì tí wọ́n bí ní 1688. Ní 1717 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Leiden. Kò fẹ́ fi ẹnu nìkan kọ́ni. Jan van Musschenbroek, ọ̀gá nínú iṣẹ́ irinṣẹ́, ló ń bá a ṣe ohun tó fi ń han akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1720.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti 1722. Àríyànjiyàn ń lọ lórí bí a ṣe ń wọn agbára ohun tó ń sáré. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Newton ní bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára náà á di ìlọ́po 2. Àwọn ti Leibniz ní rárá o, ìlọ́po 4 ni. Ẹ̀yìn Newton ni 's Gravesande wà. Ó wá ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù idẹ jábọ́ sórí amọ̀ rírọ̀. Ó rí i pé bọ́ọ̀lù tó fi ìlọ́po 3 wúwo ju èkejì lọ, bó bá jábọ́ láti ìdá kan nínú 3 ibi gíga ti èkejì, ihò wọn á dọ́gba. Ìṣirò Leibniz lèyí bá mu. Tísà náà yí ohùn padà, ó sì kọ ọ́ síta. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n: momentum àti kinetic energy.

Ẹ ò rí i pé irinṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́? Ó lè tọ́ tísà pàápàá sọ́nà.

Irinṣẹ́ 's Gravesande wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boerhaave ní Leiden lónìí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣiṣẹ́ sìn. Tiwa wọ inú gíláàsì kó tó ṣiṣẹ́ rárá.

Nítorí náà, bí a bá ń dáwó ra nǹkan fún làbú, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí apá wa ká láti tún rà bó bá bàjẹ́: rúlà onímítà kan, òṣùwọ̀n, sípíríǹgì, bátìrì, gílóòbù. Kí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù má sì wà lápò ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ tó fọ́ gílóòbù kan ti mọ ohun tí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kò mọ̀.