Fíìmù Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹ̀sùn kọ́múníìsì

Níbi àjọ̀dún fíìmù AFRIFF ní Èkó, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàfihàn fíìmù tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí lórí ìgbésí ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ló dé àwọn ilé sinimá Nàìjíríà. Túndé Babalọlá ló kọ ọ́. Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ló ṣe Fúnmiláyọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le, Jọkẹ́ Silva sì ṣe é ní ìgbà ogbó. Kọ́múníìsì ni ìjọba òyìnbó ka obìnrin yìí sí. Lójú tèmi, ọjà Ẹ̀gbá ló ti kọ́ ìjà, kì í ṣe Moscow.

Ẹni tó bá mọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ ohun tí mò ń wí. Ibẹ̀ ni ọjà àdìrẹ gbé gbilẹ̀, obìnrin ló sì ni iṣẹ́ náà, láti orí aláró dé orí oníṣòwò. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de aró òyìnbó àti sódà tí wọ́n fi ń po aró. Àwọn obìnrin kò gbà, wọ́n bá a fà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláṣẹ tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà. Owó orí ló wá burú jù. Ọdún 1918 ni wọ́n gbé e wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún náà gan-an ni Ogun Adúbí, ọ̀tẹ̀ àwọn Ẹ̀gbá sí owó orí náà, sì jà. Ọmọ ọdún 15 ni obìnrin ti ń san án, nígbà tí ọkùnrin ń dúró di 16. Àwọn agbowó orí máa ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tí ń san owó. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ kò ní ru?

Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó kàwé ni Fúnmiláyọ̀ kọ́kọ́ kó jọ ní 1932. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló mú àwọn ọlọ́jà sún mọ́ wọn, nígbà tó sì di 1946 ó ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìró àti bùbá ni Fúnmiláyọ̀ ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń sọ nínú ìpàdé, kí ẹni tí kò kàwé má baà rò pé wọ́n pa òun tì. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 sùn síwájú ààfin Aké, wọ́n ń kọrin. Wọ́n tún padà lọ ní oṣù kejìlá. Àwọn aláṣẹ dá owó orí obìnrin dúró, Aláké náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọlá Kejì, sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ìparí 1950 ló tó padà sílé. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú fúngbà díẹ̀, Fúnmiláyọ̀ náà wà nínú wọn.

Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀, Aké, tí Dàpọ̀ Adéníyì ti sọ di fíìmù ṣáájú ti Austen-Peters.

Ìjà owó orí yìí ló gbé Fúnmiláyọ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó bá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí London ní 1947, ó kọ̀wé nípa ìyà àwọn obìnrin Nàìjíríà sínú Daily Worker, ìwé ìròyìn àwọn kọ́múníìsì Bìrìtìkó. Ó wọ àjọ obìnrin àgbáyé kan tí àwọn orílẹ̀-èdè sósíálíìsì ń tì lẹ́yìn, ó sì dé Ṣáínà ní 1956. Ẹ̀rù irú èyí ti ń ba ìjọba tipẹ́: ní 1950 wọ́n ti fòfin de ẹgbẹ́ Zikist, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ìyípadà kíákíá. Ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà Fúnmiláyọ̀ ṣe, Amẹ́ríkà náà kò sì jẹ́ kó wọlé. Ó ní òun kì í ṣe kọ́múníìsì, ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn já àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1970, ìjọba Soviet fún un ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Lenin.

Ìjà owó orí ni ọkàn fíìmù náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹlẹmùkù obìnrin tí wọ́n jókòó síwájú ààfin yẹ ní rírí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ṣáínà àti ìwé ìrìnnà tí wọ́n dù ú tó fíìmù kan fúnra rẹ̀, mo sì ń fẹ́ kí ẹni tó bá máa ṣe é tètè bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú ṣì wà láàyè.