Ohun tí Ìdánwò Kò Bèèrè: Èdè Yorùbá àti Ìwé Ẹ̀rí Àṣejáde ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ti Ìjọ

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ padà sí ìbéèrè kan tí àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ní Bẹ̀nẹ̀ máa ń yára dáhùn: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kàwé jù láàrin wa kò lè kọ èdè wọn sílẹ̀? Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé òyìnbó fòfin dè é, ó sì fi ẹgba lé e kúrò ní kíláàsì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọ Kristi dá sílẹ̀, mo rí i pé ohun tí ìdánwò àṣejáde kò bèèrè ṣe ju ohun tí ẹgba ṣe lọ.

Èkó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọdún 1859, ìjọ CMS ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama wọn ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House, ní Broad Street. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Oníṣòwò James Davies ló sì fún un ní £50 láti ra ìwé àti ohun èlò. Àwọn ọmọ náà ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, jẹ́ómẹ́tírì, jọ́gíráfì, ìtàn, lọ́jíìkì àti ìmọ̀ Bíbélì. Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò tíì sí ìwé tí wọn ì bá fi kọ́ ọ ni. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tẹ ìwé gírámà rẹ̀ ní 1852. Ní oṣù kejìlá ọdún 1859 kan náà, Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Àwọn tó ń fi Yorùbá tẹ ìròyìn ní Abẹ́òkúta ló ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Gíríìkì ní Èkó. Ní oṣù kìíní 1875, wọ́n tún ṣe àpérò ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti pé ọdún 15.

Ní tèmi, n kò rò pé ìkórìíra ni. Iṣẹ́ ni wọ́n pín fún èdè méjèèjì. Yorùbá wà fún orí àga ìwàásù àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Gẹ̀ẹ́sì wà fún ọ́fíìsì. Àwọn òbí pẹ̀lú, Sàró àti oníṣòwò, kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ wọn lè wá mọ ohun tó ti mọ̀ nílé. Akọ̀wé ni wọ́n fẹ́ kó dà. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ 1882 dé, owó ìrànwọ́ ìjọba tẹ̀ lé bí ọmọ ṣe lè ka Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì kọ ọ́. Nígbà ìdánwò Cambridge, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì kò rí ìwé ẹ̀rí gbà, bó ti wù kó mọ ìṣirò tó. Yorùbá wá wọ inú ìdánwò lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn lè yàn bó bá wù ú.

Ní Dahomey, òfin ìjọba Faransé ti ọdún 1922 lórí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni fi dandan lé Faransé. Ibi tó ṣẹ́ kù fún èdè wa ni ẹ̀kọ́ ìsìn. Ohun kan náà tí Èkó ṣe láìfòfin dè é ni èyí: Yorùbá fún ọ̀run, èdè òyìnbó fún ayé. Bàbá mi, tó kàwé ní Àjàṣẹ́, gbé àmì kọ́rùn rí nítorí ó sọ Nàgó ní àgbàlá. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe àmì yẹn ló máa ń dẹ́rù bà á, dikitée ni: àṣìṣe márùn-ún, òdo, kò sí sẹtifíkà mọ́.

Nígbà tèmi, kò sí àmì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ aládàáni ni mo lọ, ọmọ Nàgó sì ni àlùfáà tó ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, Yorùbá rẹ̀ máa ń dùn létí. Ní ọjọ́ Ajé, bí a bá bi í nípa ọ̀rọ̀ kan tó lò nínú ìwàásù, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyẹn ò sí nínú BEPC." Kò nà wá rí. A gba BEPC, a gba bákì, n kò sì kọ gbólóhùn Yorùbá kan rí fún máàkì.

Lẹ́yìn bákì ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ mi ní Yorùbá, sí àbúrò ìyá mi ní Kétu. Ìwé orin ìjọ tó wá láti Nàìjíríà ni mo fara wé, pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ. Ìyá mi kékeré kò lọ ilé-ẹ̀kọ́, kíláàsì àgbà ló ti kọ́ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Nígbà tí mo délé, ó gbé lẹ́tà náà jáde, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló kán yíǹkì sábẹ́ lẹ́tà rẹ?" Ó ti kà á tán, ó sì ti tún un kọ bó ṣe yẹ lójú tirẹ̀. Àṣìṣe ohùn méje ló rí, èmi tí mo ní bákì.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn nígbà tí wọ́n bá ní kí a ṣáà jẹ́ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ máa kọ́ Yorùbá ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ sọ̀rọ̀ nípa àkọtọ́ ní ọ̀kan nínú wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin kan bi mí ni pé, "Tọ́ńtọ̀n, kòẹfisíàn mélòó ló ní?" Mo ní kò ní rárá. Ó fi bíìrò rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi.

Bí a bá fẹ́ kó ní kòẹfisíàn, ohun kan wà tí ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé olùdánwò yóò bi wá nípa lẹ́tà tí ọmọ yóò fi kọ ọ́. Àkọtọ́ tí Èkó jókòó lé lórí ní 1875 ló wà nínú ìwé orin wa. Álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba wa gbé kalẹ̀ ní 1975 ló wà lọ́wọ́ ìyá mi kékeré. Àbá mi ni pé kí wọ́n gba méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kò bá dà wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan, kí wọ́n sì fún àmì ohùn ní máàkì tirẹ̀.