Jìtá àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́langba: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó ní Abidjan

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ní òun fẹ́ kọ́ jìtá. Òbí rẹ̀ tu owó jọ, ó ra èyí tó ń dán jù lọ lọ́jà, inú gbogbo ilé sì dùn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí jìtá náà fi di ohun tó ń kó eruku lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹbí wá gbà pé ọmọ náà kò ní sùúrù.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ọmọ. Jìtá tí okùn rẹ̀ ga jù, tàbí tí ohùn rẹ̀ kò ṣe déédéé, ń dá ìrora sí ọmọ lọ́wọ́, ó sì ń ba etí rẹ̀ jẹ́. Àgbà olórin pàápàá yóò làágùn lórí rẹ̀. Ẹ ò nílò láti mọ orin kọ kí ẹ tó lè dá irú jìtá bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní ọjà.

Ohun èlò tó so Abidjan àti Èkó pọ̀

Jìtá kì í ṣe àlejò láàárín wa. Àwọn atukọ̀ Kru, tí ilẹ̀ wọn wà ní etíkun Liberia àti ìwọ̀ oòrùn Côte d'Ivoire, wà lára àwọn tó gbé e káàkiri èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi ń ta á, ọgbọ́n yìí sì wọ inú orin ẹlẹ́mu àti orin jùjú.

Ní ọdún 1977, Ernesto Djédjé, tó ti ta jìtá nínú ẹgbẹ́ Amédée Pierre, gbé àwo Le Ziglibithien jáde ní Côte d'Ivoire. Èkó ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Raïmi Gbadamassi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Badmos, tó sì fi Abidjan ṣe ibùgbé, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀.

Láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé Abidjan lónìí, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ wá láti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ jìtá ń tẹ̀lé ọ̀nà tí àwọn kan ti là sílẹ̀.

Ìwọ̀n wo ló bá ọmọ mu?

Lórí jìtá tó pé ìwọ̀n, okùn gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 65 láti orí ọrùn jìtá dé ibi tó so mọ́ lórí àpótí. Ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 58, ó sì wà fún ọmọ bí ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́langba ló lè lo èyí tó pé ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kí ó gbé jìtá lé itan. Bí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá dé ìparí ọrùn jìtá láìjẹ́ pé ó na apá tán, tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé sókè láti bo àpótí náà mọ́ra, ìwọ̀n náà bá a mu. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ mú ọmọ náà dání lọ sọ́jà.

Okùn náílọ́ọ̀nù, okùn irin, tàbí jìtá oníná?

Èyí tí àwọn olùtajà ní Abidjan ń pè ní classique ni jìtá olókùn náílọ́ọ̀nù. Okùn rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fẹ̀, ó tó nǹkan bíi mílímítà 52. Ó dára fún ẹni tí ìka rẹ̀ ṣì rọ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní folk ni olókùn irin. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ní nǹkan bíi mílímítà 43. Ohùn rẹ̀ ń dún ketekete, ó sì bá ẹni tó fẹ́ máa kọrin sí i mu. Ṣùgbọ́n yóò dun ọmọ níka ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Okùn jìtá oníná tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Bí a kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, àǹfààní ńlá sì ni èyí nínú cour commune tí ìdílé púpọ̀ jọ ń gbé. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ka owó ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti wáyà mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn irin sí jìtá classique láéláé. Agbára okùn náà lè fa igi tó so mọ́ ya kúrò lára àpótí.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, orin tí ọmọ náà ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi pinnu.

Àyẹ̀wò márùn-ún níwájú olùtajà

1. Gíga okùn. Ẹ ka àwọn ìlà irin tó wà lórí ọrùn jìtá dé ìkejìlá, kí ẹ sì fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín irin náà àti okùn tó nípọn jù. Kí ó má ju nǹkan bíi mílímítà 4 lọ fún okùn náílọ́ọ̀nù, tàbí 3 fún okùn irin. Àyẹ̀wò yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú márààrún.

2. Ọrùn jìtá. Ẹ gbé e sójú bí ẹni ń wo ìbọn, kí ẹ sì wò ó láti orí dé ìdí. Bí ó bá wọ́ tàbí tó lọ́, ẹ dá a padà.

3. Ohùn. Ẹ ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kejìlá, tó jẹ́ àárín gbùngbùn rẹ̀, kí ẹ sì ta á. Ohùn kan náà ló gbọ́dọ̀ jáde, èkejì kàn máa ga jù ú lọ ni, bíi dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè. Áàpù orí fóònù bíi GuitarTuna lè bá yín wọ̀n ọ́n.

4. Ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìlà. Bí ó bá ń dún bíi kòkòrò tí a há mọ́ inú agolo, ìlà kan ti yọ sókè tàbí ó ti jẹ.

5. Ibi tí a ti ń lọ́ okùn. Kí ó yí láìhá, kí ohùn sì dúró síbi tí ẹ fi í sí.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀?

Ohun tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pè ní France au revoir ní Abidjan. Jìtá tòkunbọ̀ tó yege nínú àyẹ̀wò márààrún sàn ju tuntun tí kò yege lọ. Ẹ wá ibi tó ti sán, pàápàá ibi tí ọrùn ti pàdé àpótí.

Bí ó bá jẹ́ tuntun, irú Yamaha C40, tó jẹ́ olókùn náílọ́ọ̀nù, tàbí F310, tó jẹ́ olókùn irin, ni wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí pé iye owó CFA sí euro kò yí padà, 655.957 sí euro kan, ẹ lè wo iye tí wọ́n ń tà á ní Yúróòpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jìtá 100 euro jẹ́ nǹkan bíi CFA 65,600, kí a tó ka owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Ìyẹn yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Bí ọmọ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì

Jìtá ọlọ́wọ́ òsì ṣọ̀wọ́n, kò sì tó kí a kàn yí okùn padà, nítorí pé ihò okùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí jìtá, ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ òsì sì ti kọ́ ọ bíi ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé e bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ẹ tó pinnu.

Òjò, iyọ̀ òkun àti ọyẹ́

Abidjan wà létí ọ̀sà àti òkun. Láàárín oṣù Karùn-ún sí Keje, òjò máa ń pọ̀, igi á sì mu omi. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ. Jìtá tí wọ́n fi pákó tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele ṣe máa ń fara da èyí ju ti ojúlówó pákó lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò, ẹ nu okùn lẹ́yìn ìlò kí ó má baà dípẹtà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Oṣù àkọ́kọ́

Àwọn olùkọ́ tó ń sọ Faransé ń pe okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní mi, la, ré, sol, si, mi. Nínú fídíò àwọn ará Nàìjíríà, E, A, D, G, B, E ni. Ohun kan náà ni wọ́n, ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé fún ọmọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú. Orí ìka á máa dùn ún fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà awọ ibẹ̀ á yi. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn ún, tàbí tí ìka ṣì ń bó lẹ́yìn oṣù kan, jìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ọmọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.